Òpó Ṣájì tí Mo Rì sí Ojú Ọ̀nà Òwú

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ rò fún yín yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, ní àdúgbò wa níbí, ní Ìsẹ́yìn. Mo sọ ọjọ́ orí mi síwájú kí ẹ má baà rò pé ìwà ọmọdé ni. Àgbàlagbà tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ṣe àṣìṣe yìí, pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́ àti bírò létí!

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Mo ní ọmọ iléèwé kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Sìdíkátù. Sìdí ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, oko ẹ̀gẹ́ ló sì fi ń tọ́ àwọn ọmọ náà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá bẹ̀rẹ̀, Múfú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé Ìbàdàn, gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wá fún un, irú èyí tí ń kó èrò nígboro. Ṣùgbọ́n èyí kì í mu epo. Iná ló ń jẹ. Bátìrì ńlá wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, a sì máa ń ṣájì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣájì fóònù.

Inú gbogbo wa dùn. Epo bẹntiróòlù wọ́n gógó, Sìdí kò sì nílò ẹ̀kán kan nínú rẹ̀!

Àmọ́ ibo ni yóò ti máa ṣájì rẹ̀? Ẹ bá mi dáhùn. Kò sí òpó ìṣájì kankan ní títì wa. Yàrá kan ni Sìdí gbà nínú ilé tí ayálégbé mẹ́sàn-án ti ń lo mítà kan ṣoṣo. Ọjọ́ kejì tó na wáyà gba ojú fèrèsé ni ìjà dé, onílé sì ní òun kò fẹ́ rí wáyà náà mọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù fáwọn èèyàn. Wákàtí kan kò tíì pé tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ọkùnrin náà fa wáyà yọ, ó ní kẹ̀kẹ́ Sìdí ń mu iná bí ràkúnmí ṣe ń mu omi, kí ó wá odò lọ!

Múfú gbọ́. Ó pè é lórí fóònù, ó ní ibi ìṣájì wà níbi iṣẹ́ òun ní Ìbàdàn. Bí Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù bá dé tí kẹ̀kẹ́ ṣì jókòó lásán, òun yóò wá gbé e padà. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú o. Ó kàn ń wò ó pé kí bátìrì má bàjẹ́ dànù ni.

Sìdí wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ wé ìka.

“Tíṣà,” ó ní, “ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi gbé èrò. Ọmọ mi tó kéré jù béèrè lọ́wọ́ mi pé, ṣé màmá òun kò ní í lọ sóko mọ́ ni. Kí ni kí n wí fún un báyìí?”

Mo gbójú sókè, mo wo òrùlé mi. Àwọn ọmọ mi ti gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà síbẹ̀ fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Bó bá ti tó ago mẹ́wàá àárọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bátìrì ilé mi á ti kún, gbogbo oòrùn tó bá kù di ti òfò. Mo ní, “Sìdí, kẹ̀kẹ́ yẹn kò ní padà sí Ìbàdàn.” Mo sọ ọ́, mo sì pinnu rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ilé mi kò ní ọgbà. Ẹnu ọ̀nà mi ṣí sójú títì gbalasa. Nítorí náà, mo gbèrò láti ri òpó kan síwájú ilé, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì wà lára rẹ̀: ọ̀kan fún Sìdí, ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni tó bá tún ra irú rẹ̀ lọ́la. Kí ló dé tí àdúgbò kan kò fi lè ní ibi ìṣájì tirẹ̀?

Mo fẹ́ràn ètò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn tí a kírun tán, mo mú téèpù, mo wọn títì wa láti gọ́tà dé gọ́tà. Ó fẹ̀ dáadáa! Mo yà á sínú ìwé, mo fi rúlà fa ìlà sí i: ibi tí òpó yóò dúró, ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò gbà wọlé, ibi tí yóò gbà jáde. Ìyàwó mi, Ìyá Múlíkà, gbé omi wá fún mi, ó wo ìwé náà, ó sì béèrè bóyá mo ti bá àwọn aláṣọ òkè tó ń hunṣọ létí títì wa sọ̀rọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní iwájú ilé mi ni, kí ló kan aláṣọ nínú òpó iná?

“Bàbá Múlíkà, mo kàn béèrè ni o,” ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìyàwó yín bá ní òun kàn béèrè ni, ẹ dìde kí ẹ lọ wádìí!

Ní kùtùkùtù Sátidé, kí àwọn aláṣọ tó jáde, èmi àti oníṣẹ́ iná ti ri òpó náà, mo sì ti fi ẹfun fa ìlà ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo gbé pátákó dúdú kan kọ́ sára ògiri mi, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ òfin mẹ́fà sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tútù kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ọmọdé má súnmọ́ wáyà. Òfin kẹrin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí: “Kí o kí àwọn ará àdúgbò kí o tó ṣájì.” Èmi ni mo kọ ọ́ o! Ṣé èmi alára kí ẹnikẹ́ni?

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, nǹkan ń lọ déédéé. Sìdí á gbé èrò láàárọ̀, á wá síbi òpó ní bí ago mẹ́wàá, á ṣájì títí di ago méjì, á tún jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú mi ń dùn sí ara mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ àdúgbò wa. Àwọn aláṣọ òkè ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà létí títì, wọ́n á sì na òwú tí wọ́n fẹ́ hun sílẹ̀ níwájú wọn. Ó máa ń gùn tó ilé mẹ́rin sí márùn-ún. Ní òpin rẹ̀ lọ́hùn-ún, òkúta ńlá kan wà lórí pátákó, òun ló ń fa òwú náà kí ó le. Bí wọ́n ti ń hun aṣọ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọmọ Ìsẹ́yìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ pé kí ó yà fún òwú. Ewúrẹ́ pàápàá ń yà fún un.

Ṣùgbọ́n bí Jímọ̀ bá dé, wọ́n á ká òwú kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ wo ni mo wọn títì? Jímọ̀! Ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ tí títì wa ṣófo ni èmi ọ̀mọ̀wé yọ téèpù.

Ọjọ́ Àlàrùba, ago mẹ́wàá lù. Mo ń ka ìwé ìròyìn. Bàbá Kàmọ́rù, tó jẹ́ àgbà gbogbo àwọn aláṣọ títì wa, wà lẹ́nu iṣẹ́ lápá ìsàlẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Òwú rẹ̀ gùn lọ́jọ́ náà, ó kọjá iwájú ilé mi, ó fẹ́ẹ̀ dé ilé kejì. Bí ọkadà tàbí kẹ̀kẹ́ elépo bá ń bọ̀, ariwo rẹ̀ ni aláṣọ ń gbọ́ tí yóò fi gbé orí sókè, tí yóò na ọwọ́ sí awakọ̀ pé kí ó gba òdìkejì. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ Sìdí kì í dún! Kò hó, kò kùn. Ojú Sìdí wà lára òpó, ó sì gba ojú ìlà tí èmi tíṣà rẹ̀ fi ẹfun fà fún un.

Ohun tí mo gbọ́ ni òkúta tó fò, pátákó tó là, àti ohùn Bàbá Kàmọ́rù. Ẹ̀rọ ìhunṣọ fà á kúrò lórí ìjókòó, ó fi orúnkún gúnlẹ̀. Taya iwájú ti wé òwú mọ́ra bí ìgbà tí wọ́n ń wé láwàní, òmíràn já, òmíràn lọ́ pọ̀ mọ́ iyanrìn.

Ariwo sọ! Aláṣọ jáde lábẹ́ gbogbo àtíbàbà.

“Kẹ̀kẹ́ wo lèyí tí ń yọ bí ológbò?”

“Ohun tí kò dún, ṣé ohun rere ni?”

“Tíṣà ló gbé e wá! Ẹ bi Tíṣà!”

Mo sáré lọ gbé Bàbá Kàmọ́rù dìde. Ẹ bá mi dúpẹ́, kò fara pa. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó mú etí òwú kan tó já, ó wò ó, ó wá wo ojú mi.

“Tíṣà, ṣé o ríran?”

“Mo ríran, Bàbá.”

“Láti ìgbà wo?”

Ó wá sọ ohun tí mi ò ní gbàgbé láyé. Ó ní òun ti rí òpó náà láti Sátidé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni òun fi ká òwú òun kúrú kí ó má baà dé iwájú ilé mi, òun sì ń retí kí n wá, kí n kàn sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì bá tí gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbàárà kan ti dé, òun kò sì lè ká òwú kúrú mọ́.

Àwọn aláṣọ fẹnu kò lójú ẹsẹ̀ pé òpó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí Múfú dé. Sìdí wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń tú òwú lára taya, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kó máa lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ìtìjú.”

Mo ní rárá. Mo ní kẹ̀kẹ́ kò ní lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe téèpù ni mo máa fi ṣe é lọ́tẹ̀ yìí.

Bí mo ti kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, mo mú dígà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú òpó náà fúnra mi. Ìyá Múlíkà jáde wá. Kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó kàn ń fi ọkọ́ kó erùpẹ̀ padà sínú ihò. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù!

Nígbà tí Bàbá Kàmọ́rù dé ìdí iṣẹ́, ó bá èmi àti Sìdí ní ìjókòó nílẹ̀ lẹ́bàá òwú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ pé mo jẹ̀bi, n kò sì wá sọ̀rọ̀ òpó, òwú tó já ni mo wá so.

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “Ṣé ọwọ́ rẹ lè so òwú, àbí ṣọ́ọ̀kì nìkan ló mọ̀?”

Bàbá tó bí mi lọ́mọ, aláṣọ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ti lọ sí iléèwé olùkọ́ni ni mo ti fi òwú sílẹ̀. Mo fi dígí sójú, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́, òwú tó já kì í ṣe mẹ́wàá, kì í ṣe ogún. Ẹ máa wá orí rẹ̀, ẹ máa wá ìdí rẹ̀, ẹ so ó kí kókó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní hàn lára aṣọ. Mo so mẹ́jọ. Bàbá Kàmọ́rù fi èékánná yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ọ̀bẹ, ó gé márùn-ún dànù.

“Tún un ṣe.”

Sìdí bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. “Tíṣà, wọ́n ní kí ẹ ṣe kọrẹ́kṣọ̀n!”

Gbogbo abẹ́ àtíbàbà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọdún mélòó ni mo fi ń sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ! Mo tún un ṣe. Ọ̀sán pọ́n, ìka mi wú, ẹ̀yìn ń ro mí, n kò dìde. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó gé ẹyọ kan ṣoṣo nínú ogún.

Òwúrọ̀ Jímọ̀, a so èyí tó kẹ́yìn. Bàbá Kàmọ́rù jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, aṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó hun ún tó ìbú ọwọ́ kan kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Tíṣà, níbo lo tún fẹ́ ri òpó rẹ sí?”

Mo ní n kò mọ̀ mọ́. Mo ní òun ni mo wá bi.

Ó dìde. Òwú ṣì wà nílẹ̀ nítorí àsìkò Jímọ̀ kò tíì tó. Ó mú mi rin títì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ hàn mí: ibi tí òwú tirẹ̀ ń dé, ibi tí ti ẹnì kejì rẹ̀ ń dé, ibi tí àwọn ìyàwó ilé ń sá èlùbọ́ sí. Títì tí mo wọn tó fẹ̀ dáadáa, mo wá rí i pé ó ti kún! Ní òdìkejì, lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

“Ibí. Kò sí òwú tí ń dé ibí. Kí wáyà rẹ gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Àmọ́ nǹkan kan kù: ohun tí kò dún kò gbọ́dọ̀ wọ àdúgbò aláṣọ.”

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí a fi dé mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn ìrun, tí a ti ká òwú nílẹ̀, mo rò pé èmi àti oníṣẹ́ iná nìkan ni yóò gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ wo àwọn aláṣọ tí wọ́n ká ṣòkòtò sókè, tí wọ́n gba dígà lọ́wọ́ mi! Wọ́n ní ọwọ́ mi ti wú, kí n lọ jókòó kí n máa kọ òfin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wáyà ti wà nínú páìpù lábẹ́ ilẹ̀, òpó ti dúró sí òdìkejì, oníṣẹ́ iná sì ti dán an wò.

Mo wọlé, mo ṣí àpótí mi. Agogo idẹ ọlọ́wọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, agogo tí mo fi pe ọmọ wọlé lójoojúmọ́ ayé mi. Mo gbé e fún Sìdí. Ó so ó mọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́ níwájú, ó sì wà á gba títì kọjá. Gbàǹgbà-gbàǹgbà-gbàǹgbà!

Bàbá Kàmọ́rù mi orí. “Ní báyìí, ó ti di ohun alààyè.”

Ọjọ́ Sátidé, Múfú dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Ó bá kẹ̀kẹ́ níbi òpó, wáyà wà lára rẹ̀. Òwú nà gbọọrọ ní òdìkejì títì. Kí n tó bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Kàmọ́rù ti ké sí i láìgbé orí sókè lẹ́nu iṣẹ́.

“Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí lò ń wá?”

Múfú dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní kẹ̀kẹ́ àbúrò òun ni òun wá gbé.

“Èyí tó wà lára òpó wa yẹn? Jókòó, kí wọ́n fún ọ lómi. Ó ń jẹun lọ́wọ́. A kì í gbé ẹni tó ń jẹun kúrò nídìí oúnjẹ.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: òpó wa! Sìdí yíjú sí ògiri, ó fi ìborùn bo ojú. Múfú mu omi, ó wo òpó, ó wo àwọn aláṣọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Lófìfo ni ọkọ̀ akẹ́rù náà padà sí Ìbàdàn.

Títí dòní, bí agogo náà bá ti ń bọ̀ lókèèrè, aláṣọ á na ọwọ́, Sìdí á yà. Àwọn àgbàlagbà tí mo ti kọ́ níwèé rí a máa dúró lọ́nà kí wọ́n bi mí bóyá àwọn ti pẹ́ dé iléèwé. Ọkùnrin kan láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tó ra ọkadà oníná ti ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì lọ́jọ́ ọjà. Kí ó tó fi wáyà sí i, ó máa ń kọ́kọ́ kí Bàbá Kàmọ́rù. Mo ti pa òfin márùn-ún rẹ́ lórí pátákó dúdú mi. Ẹ̀kẹrin nìkan ló kù.

Ohun rere ni mo fẹ́ ṣe, mo sì ṣe é pẹ̀lú ìwé àti rúlà, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí n ba iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn jẹ́. Ìpinnu dára. N kò sì kábàámọ̀ pé mo pinnu. Àmọ́ ìpinnu tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ń rìn bí kẹ̀kẹ́ tí kò dún.

Kí ohun tuntun wọ títì tiyín, ìbáà ṣe òpó ṣájì, ìbáà ṣe kànga, ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ rí, àbí? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fún mi, mo máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ mọ̀ pé n ó tún un ṣe fún yín! Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: ẹ má ṣe wọn ilẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn tó ń lò ó kò sí nílé.